Lásítíìkì Tó Wà Nínú Òpó Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù, tí a tẹ̀ síbí fún àwọn tí kò lè wá

   

Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn tó ń ka owó àjọ lẹ́yìn yẹn dáwọ́ dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ara wa ni.

A ò ní dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ata ni. Ẹni ọdún 64 ni nígbà náà. Àwọn kan wá wọn bípí fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ọjà, ẹ̀rọ sì sọ pé tirẹ̀ jẹ́ 172 lókè, 70 nísàlẹ̀. Ọmọkùnrin tó wọ̀n ọ́n ní, "Màmá, ìsàlẹ̀ yín dára gan-an, bíi ti ọmọge. Òkè yẹn, ọjọ́ orí ni." Inú ìyá dùn, ó tiẹ̀ jó díẹ̀. Àwa tí a di ìwé orúkọ mú, a kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé "ara le". Ọwọ́ ara wa la fi kọ ọ́, ìwé náà ṣì wà nílé wa. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ó ń to ata rodo sórí àtẹ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn já wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yí. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ló fi ń ka owó báyìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a di ata fún oníbàárà.

Láti ọjọ́ náà lọ̀rọ̀ yìí ò ti jẹ́ ká sùn dáadáa. Kí ló dé tí òkè fi ga tó bẹ́ẹ̀, tí ìsàlẹ̀ wá dára? Ṣé ọjọ́ orí náà ni lóòótọ́? Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ orí, ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kò séwu? Ẹ mọ̀ pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la kà dé, a ò lè pe ara wa ní dókítà. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀kan lára wa ló jókòó tì wá fún ọ̀sán mẹ́ta, ó ń ṣàlàyé, à ń kọ. Ohun tí a kọ la fẹ́ fi ẹnu tiwa sọ fún yín.

Ẹ̀yin tó ń ta bọ́tìnnì, òwú àti lásítíìkì, ẹ bá wa dá sí i. Tí ẹ bá mú lásítíìkì tuntun, tí ẹ fà á, kí ló máa ń ṣe? Ó máa ń gùn. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ńkọ́? Ó máa súnkì padà sí bó ṣe wà. Ó dáa. Lásítíìkì ìdí yẹ̀rì tí ẹ ti ń wọ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wá ńkọ́? Ẹ fà á, ó lọ, kò bọ̀ mọ́. Okùn lẹ ó wá fi dì í. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó wà nídìí àwọn kan níbí lónìí.

Irú lásítíìkì bẹ́ẹ̀ wà nínú òpó ẹ̀jẹ̀ wa. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Láti ara ọkàn ni òpó ńlá kan ti jáde, tí àwọn dókítà ń pè ní aorta. Fífẹ̀ rẹ̀ ju ti àtàǹpàkò lọ. Ó kọ́kọ́ gòkè, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ọwọ́ agboòrùn, ó wá gba iwájú egungun ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn, ó ń yọ ẹ̀ka fún orí, fún apá, fún kíndìnrín, títí dé ẹsẹ̀. Ògiri òpó yìí kò dà bíi páìpù tí púlọ́ńbà ń rì mọ́lẹ̀. Ìpele mẹ́ta ló ní. Èyí tó wà láàárín ló nípọn jù, ibẹ̀ sì ni lásítíìkì ara wà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, bí ìgbà tí a ká aṣọ tó fẹ́lẹ́ jọ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú èyí tó wà láyà àgbàlagbà, ó tó ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ 50 sí 60. Elastin lorúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Okùn mìíràn tún wà láàárín wọn, collagen. Ìyẹn ò kì í fẹ́ fà rárá. Ó dà bí okùn tí alábàárù fi ń di ẹrù. Òun ni kì í jẹ́ kí òpó bẹ́ tí agbára bá pọ̀.

Kí niṣẹ́ elastin? Ọkàn kì í tú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀rọ omi tó ṣí sílẹ̀. Ó ń fún un jáde ni, ó ń sinmi, ó tún ń fún un jáde. Tó bá ti fún un jáde, òpó ńlá yóò fẹ̀, yóò gba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà pa mọ́ sára. Nígbà tí ọkàn bá wá ń sinmi, òpó yóò súnkì, yóò sì ti èyí tó gbà pa mọ́ yẹn lọ síwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í já lójú ọ̀nà. Ẹ wo alágbẹ̀dẹ nídìí ẹwìrì: ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í dá lójú iná. Àlùfáà òyìnbó kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Hales, tó wọn agbára ẹ̀jẹ̀ nínú ara ẹṣin, tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1733, fi òpó ẹ̀jẹ̀ wé àgbá afẹ́fẹ́ tó wà lára ẹ̀rọ ìpaná ayé ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé, àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́.

Nọ́ńbà òkè tí ẹ̀rọ ń kọ ni agbára ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ọkàn ń fún un jáde. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ lèyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ọkàn ń sinmi, tí òpó ń súnkì. Ẹ di èyí mú, a ó padà síbẹ̀.

Wàyí o, ohun tó yà wá lẹ́nu jù nìyí. Elastin tí ẹ rí yìí, láti inú oyún títí dé ìgbà èwe lara ti ń ṣe é. Tí ènìyàn bá ti dàgbà tán, ara fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe tuntun mọ́. Ẹrù tí a kó wá láti ìbẹ̀rẹ̀ la ń tà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sí ọ̀gá ọjà tí a lè lọ bá pé kó tún kó wá. Lóòótọ́, ó lágbára, ó sì ń pẹ́ gan-an nínú ara ju ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjà. Ká ní ọkàn ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà méje ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 70. Ní wákàtí kan, 4,200. Láàárọ̀ sí àárọ̀, 100,800. Ní ọdún kan, ó lé ní mílíọ̀nù 36. Ẹni tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, òpó ńlá rẹ̀ ti fà, ó ti súnkì, ju bílíọ̀nù 2 ìgbà lọ. Lásítíìkì wo lẹ ń tà tó lè ṣe é?

Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀, àwọn ìpele elastin yẹn ń fọ́, wọ́n ń já wẹ́wẹ́. Bí wọ́n ṣe ń já, òpó ńlá ń fẹ̀ sí i, ó sì ń gùn sí i, bí ìdí yẹ̀rì tó ti lọ. Ẹrù tí elastin ń rù tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sọ́rùn collagen, okùn tí kò mọ fífà. Collagen fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ohun tó dà bí ẹfun sì ń gbè mọ́ ara ògiri náà. Gbogbo rẹ̀ wá ń le.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tún ń dá kún un. Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ mọ bí ojú búrẹ́dì ṣe ń pọ́n nínú ààrò tó sì ń le. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, àfi pé kò sí iná, ọdún púpọ̀ ló sì ń gbà: ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ collagen àti elastin, ó ń so okùn kan mọ́ èkejì, wọn ò sì lè yọ̀ kọjá lára ara wọn mọ́. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, tirẹ̀ ń yá ju ti ẹlòmíràn lọ. Sìgá náà ń ba elastin jẹ́. Ẹ̀yin tó ń fín áṣáà, ẹ má wojú wa bẹ́ẹ̀ yẹn. Tábà tó wà nínú rẹ̀ ń mú kí ọkàn sáré, ó sì ń gbé bípí sókè.

Obìnrin ni gbogbo wa níbí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí nǹkan oṣù bá ti dúró, òpó ẹ̀jẹ̀ obìnrin ń le kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí rèé tí ẹni tí bípí rẹ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan nígbà tó ń bímọ fi lè bá a níwájú ní ọdún 60. Kò sẹ́ni tó ṣe é. Ẹ yéé bi ara yín léèrè pé ta ni mo ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí nọ́ńbà méjèèjì. Tí ọkàn bá fún ẹ̀jẹ̀ sínú òpó tó ṣì rọ̀, òpó ń fẹ̀ fún un, agbára náà ń rọlẹ̀. Tí òpó bá ti le, kò ní fẹ̀ fún un, agbára á wá ga: nọ́ńbà òkè nìyẹn. Nígbà tí ọkàn bá sì ń sinmi, òpó tí kò fẹ̀ ò ní nǹkan tó gbà pa mọ́ tó fẹ́ tì síwájú, agbára á wá já wálẹ̀: nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí òkè fi ń gòkè títí nínú ọ̀pọ̀ àgbà, tó sì jẹ́ pé tí ènìyàn bá ti lé ní 50 tàbí 60, ìsàlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? 70 tí ìyá aláta ń torí rẹ̀ jó, kì í ṣe ara ọmọge. Ara àmì pé òpó ti le ni.

Nínú ọjà, tí àlàfo láàárín iye tí a rà á àti iye tí a tà á bá fẹ̀, inú wa ń dùn. Ti ẹ̀jẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní 120 lókè, 80 nísàlẹ̀, 40 ni àlàfo rẹ̀. Ti ìyá wa jẹ́ 102.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Tí ọkàn bá ti lù, ìgbì kan ń sáré gba ara òpó lọ, òun la ń fọwọ́ bà ní ọrùn ọwọ́. Nínú òpó ńlá ọ̀dọ́, ìgbì yìí ń sáré bíi mítà 5 sí 6 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Nínú ti àgbà, ó lè tó mítà 10, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tó bá dé ibi tí òpó ti ń ya ẹ̀ka, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń padà sẹ́yìn. Ti ọ̀dọ́ ń padà dé nígbà tí ọkàn ti ń sinmi, ó tiẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Ti àgbà ń tètè padà, ó ń bá ọkàn níbi tó ti ń ti ẹrù lọ́wọ́, wọ́n wá kọlu ara wọn. Ọkàn á máa ṣiṣẹ́ jù, ògiri rẹ̀ á máa nípọn. Ìgbà tí ọkàn ń sinmi ni òun fúnra rẹ̀ ń rí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà dáadáa, ìgbà náà gan-an sì ni agbára ti lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ alágbàtà tó ń bọ́ ilé onílé, tí ebi ń pa ọmọ tirẹ̀.

Ọpọlọ àti kíndìnrín ni ìyà náà tún ń jẹ jù. Òpó wẹ́wẹ́ inú wọn kò ní ìdènà púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ya wọ̀ wọ́n. Nígbà tí òpó ńlá ṣì rọ̀, ó ń fọwọ́ rọra gbé e fún wọn. Nígbà tó ti le, ó ń jù ú lù wọ́n ni, lójoojúmọ́, nígbà 100,000. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń wá.

Àwọn kan máa ń sọ pé àrùn òyìnbó ni. Rárá o. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìbàdàn kó tó kú ní 2020, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà káàkiri Nàìjíríà. Àbájáde wọn tó jáde ní 1997 sọ pé nínú ènìyàn 100 tó ti lé ní ọdún 15, bíi 11 ló ní in. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 160 lókè tàbí 95 nísàlẹ̀ ni wọ́n kà nígbà náà. Tó bá jẹ́ 140 àti 90 tí wọ́n ń lò lónìí ni wọ́n fi kà á, iye náà ìbá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ "ọjọ́ orí ni" yẹn náà wá ńkọ́? Òtítọ́ ni, ọjọ́ orí ni. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kò séwu. Àwọn dókítà òyìnbó gan-an gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ka òkè sí nǹkan kan lára àgbà bí ìsàlẹ̀ bá ti dára. Ní 1991 ni ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó ènìyàn 4,736 jọ, gbogbo wọn ti tó ọdún 60 sókè, òkè wọn ga tó 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ wọn ò sì tó 90. Àwọn gan-an bíi ti ìyá aláta wa. Wọ́n fún apá kan lóògùn, èyí tó ń mú ni tọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀; wọ́n fún apá kejì ní ohun tó jọ oògùn tí kì í ṣe oògùn. Láàárín ọdún márùn-ún, nínú 100 tí kò lo oògùn tòótọ́, bíi 8 ló ní rọpárọsẹ̀. Nínú 100 tó lò ó, bíi 5 ni. Ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè kéré lójú yín. Ẹ ka iye wa nínú ẹgbẹ́ yìí, kí ẹ wá sọ fún wa àwọn mẹ́ta wo lẹ fẹ́ yọ̀ǹda.

Kò sí oògùn tó lè dá elastin tó ti já padà. Ẹni tó bá ń gbé àgbo kiri ọjà wa pé tòun lè ṣe é, kó kọ́kọ́ fi han ẹ̀rọ. Ohun tí oògùn dókítà ń ṣe ni pé ó ń dín ẹrù tí ògiri náà ń rù kù. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe oògùn tí à ń lò fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a jáwọ́. Àwa akọ̀wé yín náà wà nínú rẹ̀: ti wa jẹ́ 158 lókè, 72 nísàlẹ̀, lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn wọ̀n wá. Àwa tí a ń kọ "ara le" fún ẹlòmíràn! A ti wà lórí oògùn báyìí, ó ti ń tó oṣù mẹ́jọ, ó sì ti wálẹ̀ sí 136.

Ẹ dín iyọ̀ kù. Àjọ ìlera àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́ fún ẹnì kan, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, tọbẹ̀, tẹran, tẹ̀wà, gbogbo rẹ̀. Magí náà, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ò fi iyọ̀ sí i kí ẹ wá ju horo mẹ́rin sínú ìkòkò. Ẹ máa rìn. Ìjókòó láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ agbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rẹ̀ wá. Ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, kí ẹ yí ọjà po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì gbọ́ ìròyìn.

Àwọn tí òòyì ń kọ́ tí wọ́n bá dìde lójijì, ara ọ̀rọ̀ yìí náà ni. Nínú ògiri òpó ńlá àti ti ọrùn ni amí kan wà tó ń mọ̀ bí òpó ṣe fẹ̀ sí, tó ń sọ fún ọpọlọ. Tí òpó bá ti le, amí náà ò tètè gbọ́ròyìn mọ́. Ẹ máa rọra dìde, ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí àpótí, kí ẹ tó nà ró. Kí ẹ má ṣe torí òòyì dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ lọ sọ fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló kù. A mú un wá ní ìpàdé tó kọjá pé kí ẹgbẹ́ ra méjì, ariwo ta, àwọn kan ní owó ò sí. Ọdún tó kọjá nìkan, a ra aṣọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú gèlè. A ò bá ẹnikẹ́ni jà o, a kàn ń ka ohun tó wà nínú ìwé. Ìyálọ́jà ti fọwọ́ sí i, akápò ti yọ owó, ẹ̀rọ méjèèjì sì ti wà nínú àpótí ní ọ́fíìsì. Ọmọ wa nọ́ọ̀sì yóò máa wá ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Kí ẹ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n yín, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹ má fi ẹsẹ̀ kọ́ra, kí ẹ yọ apá kúrò nínú bùbá tó bá fún. Kí a gbé ọwọ́ lé tábìlì, kó ṣe déédéé àyà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá oníbàárà jà tán, kó kọ́kọ́ lọ mumi.

A ti ra ìwé tuntun. Ìlà mẹ́ta ló wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: òkè, ìsàlẹ̀, àlàfo. A ò fi àyè sílẹ̀ fún "ara le". Ìyá aláta wa ránṣẹ́ pé òun lòun ó kọ́kọ́ jókòó, ọwọ́ òsì ni kí wọ́n so ó mọ́. A ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kìíní.